Bí Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Gbogbo Eyín Lẹ́ẹ̀kan Náà Ṣe Dé

Panoramique ni wọ́n ń pe àwòrán X-ray tó ń gbé gbogbo eyín àti egungun àgbọ̀n jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní Niamey. Ẹni tó bá kúrò ní àdúgbò Maourey níbẹ̀ lọ rí dókítà nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú lè bá orúkọ náà pàdé lórí ìwé tí wọ́n fi rán an lọ ya àwòrán. Ìṣòro kan ló bí ẹ̀rọ yìí: fíìmù tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n egungun àgbọ̀n èèyàn tẹ̀ láti etí kan yí dé èkejì.

Oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 1896, Otto Walkhoff, oníṣègùn eyín kan níbẹ̀, ti fi ya eyín ara rẹ̀. Ó ní láti jókòó láìmira fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Láti ìgbà náà, fíìmù kékeré ni wọ́n ń ki bọ ẹnu, eyín méjì mẹ́ta ló sì ń hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1933, Hisatsugu Numata ní Japan gbìyànjú láti fi fíìmù gígùn sẹ́yìn eyín, kí ìtànṣán sì yí ojú ká láti òde, àmọ́ iṣẹ́ náà kò tàn kálẹ̀.

Yrjö Paatero ti Yunifásítì Helsinki ló tú kókó náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó gbé fíìmù jáde kúrò lẹ́nu, ó gbé aláìsàn jókòó sórí àga tó ń yí, ó sì jẹ́ kí fíìmù máa yí bákan náà, kí ìtànṣán máa gba ojú ihò tóóró kan kọjá. Ohun tí ìrìn rẹ̀ bá bá ti fíìmù mu yóò mọ́ kedere. Ohun tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ológun ń wá ọ̀nà láti yẹ ẹnu ọ̀pọ̀ sójà wò kíákíá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pè ní Panorex, dé ọjà níbẹ̀ ní 1959. Ẹ̀rọ Paatero tẹ̀ lé e ní 1961, ọdún méjì kí ó tó kú.

Ní agbègbè wa, àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ó ń fi àgbọ̀n tó kán nínú ìjàǹbá alùpùpù hàn, àti eyín tó há sínú egungun. Ameloblastoma, kókó tó ń wú láìdunni tó sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, a máa hàn bí afárá oyin nínú egungun. Noma, àrùn tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé tí oúnjẹ kò tó ní Niger àti Sókótó, a máa mú kí àgbọ̀n ẹni tó là á já gan pa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè gba fíìmù sẹ́nu, ṣùgbọ́n a lè ya á láti òde.

Ọgbọ́n tí Paatero fi yanjú ìṣòro náà gan-an ló fa àbùkù àwòrán yìí. Apá tó mọ́ kedere kò fẹ̀, pàápàá níwájú ẹnu. Bí aláìsàn bá tẹ orí síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, eyín iwájú yóò tín-ín-rín tàbí kó fẹ̀ ju bó ṣe rí. Bí kò bá lẹ ahọ́n mọ́ àjà ẹnu, òjìji dúdú yóò bo gbòǹgbò eyín òkè. Yẹtí tí obìnrin gbàgbé sí etí ọ̀tún a tún yọ lápá òsì, sókè díẹ̀, ní ṣíṣú. Ọmọ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 kò ṣeé yà. Àwòrán náà sì máa ń tóbi ju ẹnu fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà kò yẹ kí a fi wọn nǹkan. Ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín eyín méjì lè fara pamọ́ pátápátá. Fíìmù kékeré inú ẹnu ṣì dára jù ú lọ fún ìyẹn.

Ní Niger, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa uranium ní Arlit ní 1971, ó tọ́ kí a sọ ọ́ gbangba pé kò sí uranium nínú ẹ̀rọ yìí, àti pé bí wọ́n bá ti pa á, ìtànṣán tán. Ìwọ̀n tí ara ń gbà kò sábà ju èyí tó ń ti ilẹ̀ àti òfúrufú wá láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán oníhà mẹ́ta (3D) tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990 ń fi jíjìn egungun hàn, ohun tí panoramique kò lè ṣe, àmọ́ ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ, owó rẹ̀ sì ga.