Iyèré àti Kòkòrò Ẹ̀wà

Ọ̀tá ńlá ni kòkòrò jẹ́ fún ẹ̀wà. Ara hóró ni abo rẹ̀ ńyé sí. Bí ẹyin bá pa, ọmọ kòkòrò a dá hóró náà lu, a sì máa jẹ ẹ́ nínú. Nítorí àdánù yìí ni àwọn oníṣòwò kan ṣe ńda oògùn olóró sí ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, nítorí pé oògùn apakòkòrò dichlorvos pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó lè dènà kòkòrò yìí wà nítòsí. Ní ọjà tí wọ́n ti ńta ewé àti egbò, kò ṣòro láti rí iyèré rà. Òróró olóòórùn líle wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Nàìjíríà dán an wò, wọ́n sì rí i pé ó ńpa kòkòrò ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n òróró náà a máa fò lọ bí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. A óò lọ iyèré kúnná, a óò pò ó mọ́ ẹ̀wà, a óò sì dé ìkòkò pinpin kí kòkòrò tó wọ inú hóró. Ata ọbẹ̀ ni iyèré. Kì í ṣe májèlé.