Gígun Òkè Patí Ní Òpin Ọ̀sẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Sún Mọ́ Ogójì Ọdún Mọ̀

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Bélú, ni àkókò tó dára jù lọ fún ìgbafẹ́ ní ìta gbangba máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kì í yọ̀ mọ́, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ kò sì tíì kó eruku rẹ̀ dé. Ibi tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà ní irú àkókò yìí ni Òkè Patí, òkè tó ga tó nǹkan bí mítà 458 sí ìtẹ́jú òkun. Láti orí rẹ̀ ni ènìyàn ti lè wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, tí wọ́n sì di ọ̀kan ṣoṣo lọ sí òkun.

Òkè náà kò ṣàjèjì nínú ìtàn. Àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, ti wà ní agbègbè náà tipẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1900, ní Lọ́kọ́ja ni Frederick Lugard ti kéde ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ìhà Àríwá Nàìjíríà. Ilé ìsinmi tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà lórí òkè náà títí di òní, igi oṣè ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n òkè kan náà tí ọmọ ogún ọdún ń sáré gùn kì í ṣe òkè kan náà fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ ogójì tàbí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Gígun òkè jẹ́ oògùn fún ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó sì lè di ewu fún ẹni tó jókòó sídìí tábìlì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó wá fẹ́ fi wákàtí méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta san gbèsè odindi ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ń yí padà nínú ara

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ẹran ara tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń gbé ẹrù, ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń lò ni pé ènìyàn lè pàdánù ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tí kì í lo ara rẹ̀ ni àdánù náà máa ń pọ̀ fún jù.

Ọkàn náà kò gbẹ́yìn. Iye ìgbà tí ọkàn lè lù jù lọ láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà ìṣirò tó rọrùn ni pé kí a yọ iye ọjọ́ orí ẹni kúrò nínú 220. Fún ẹni ogún ọdún, ó kù 200; fún ẹni ọdún 45, ó kù 175. Ìṣirò gbogbogbò ni èyí, kò sì bá gbogbo ènìyàn mu régérégé, ṣùgbọ́n ó fi yé wa ìdí tí ìgòkè kan náà fi ń gba agbára tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ti dàgbà. Bákan náà ni okùn iṣan tó so ẹran ara mọ́ egungun, pàápàá èyí tó wà lókè gìgísẹ̀, kì í fẹ̀ mọ́ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyí tó fi máa ń rọrùn fún un láti já tàbí láti wú.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àyípadà wọ̀nyí kì í hàn sí ojú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó ń wakọ̀ lọ, tó ń wakọ̀ bọ̀, lè má mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà. Ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbi eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ṣé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan tó?

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2020, ó dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí kí ó lo ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ó tún fi kún un pé kí ó ṣe eré ìdárayá tó ń mú ẹran ara le ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ náà ṣàlàyé ní ọdún 2024 pé nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà lágbàáyé ni kò dé ojú ìwọ̀n yìí ní ọdún 2022.

Àǹfààní ìgòkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan ní ìlú London, Jerry Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀ tó ń jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́ ju ti àwọn tó ń gba owó ọkọ̀ lọ, ìyẹn àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ sókè sódò ní gbogbo ọjọ́.

Ní ti àwọn tí kò ráyè láàárín ọ̀sẹ̀, ìròyìn ayọ̀ wà. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2017, tí wọ́n ṣe lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 63,000 ní ilẹ̀ England àti Scotland, tí gbogbo wọn ti pé ogójì ọdún ó kéré tán, fi hàn pé ikú láàárín àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá wọn ní ọjọ́ kan tàbí méjì péré lọ́sẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í ṣe é rárá. Nítorí náà, òpin ọ̀sẹ̀ wúlò. Ohun tí ìwádìí náà kò sọ ni pé kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láti ọdún márùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè.

Kí ẹ tó gun òkè, ẹ yẹ ara wò

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ bóyá ó wà lára yín. Àwọn tó ní in lágbàáyé lé ní bílíọ̀nù kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn ní in, nítorí pé kì í sábà fi àmì kankan hàn. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga gan-an tí kò mọ̀, tó wá kọ lu òkè lójijì, ń fi ọkàn àti ọpọlọ rẹ̀ wéwu. Wíwọn ìfúnpá kì í gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ ní ilé ìwòsàn. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn léraléra pé ó ti dé 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà kí ẹ tó ronú nípa òkè. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí ìgbafẹ́. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá oògùn náà wà lára àwọn tó ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀, nítorí irú rẹ̀ lè mú kí omi ara tètè gbẹ nínú oòrùn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin gbọ́dọ̀ mú ohun dídùn díẹ̀ dání, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ gbàgbé oògùn tó ń fà símú, pàápàá bí ọyẹ́ bá ti dé.

Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó fẹ́ gun Òkè Patí lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà múra sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì, ẹ rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ lo ogójì ìṣẹ́jú láti fi ẹsẹ̀ rin ìlú. Ní Lọ́kọ́ja, ènìyàn lè rìn dé ibi ìsìnkú àwọn Òyìnbó àtijọ́, tàbí ibi irin òmìnira, tó jẹ́ àmì ìrántí ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ẹ̀kẹrin, ẹ sọ ìrìn ìrọ̀lẹ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa gun àtẹ̀gùn dípò ẹ̀rọ agbénigòkè. Ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, nígbà mẹ́wàá. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Èyí ń mú itan àti orúnkún le. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gòkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí ẹ sì padà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ gùn ún dé ìdajì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ lè gùn ún dé orí. Ọ̀nà ọkọ̀ wà tó lọ sórí òkè náà, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú pé kí ẹni tí ó rẹ̀ wọ ọkọ̀ padà. Àwọn tí kò sí ní Lọ́kọ́ja lè lo ètò kan náà fún Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta tàbí fún àwọn òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600.

Òṣùwọ̀n tó dájú jù nígbà ìgòkè ni ẹnu ẹni. Bí ẹ bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìwọ̀n yẹn dára. Bí ọ̀rọ̀ méjì kò bá ṣeé sọ kí ẹ tó mí, ẹ ti sáré jù, ẹ dúró.

Ooru, omi àti bàtà

Lọ́kọ́ja wà lára àwọn ìlú tí ooru ti máa ń mú gan-an ní Nàìjíríà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ lè sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó gun orí. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bí omi kò bá sí, òógùn yóò dín kù, ara yóò sì gbóná. Ẹ mu omi kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì máa mu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà láìdúró de òǹgbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn, èyí sì máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ọtí kì í ṣe omi. Ó ń mú kí ara pàdánù èyí tó ní.

Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀, ló yẹ, kì í ṣe sílípáàsì. Ó tún ń dáàbò bo ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ejò, nítorí paramọ́lẹ̀ máa ń farapamọ́ sábẹ́ òkúta àti koríko gbígbẹ. Bí ejò bá ṣán ènìyàn, ẹ má ṣe fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì so okùn le koko mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Sísọ̀kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú kéré. Ìgòkè ń dán ọkàn wò, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dá orúnkún lágara, nítorí itan ń dá ìwúwo ara dúró ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má sì sáré. Ìrora ẹran ara tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tó sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe àrùn. Oríkèé tó bá wú tàbí tí kò gba ẹsẹ̀ mọ́ ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà.

Odò pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀

Lẹ́yìn òkè, ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ dé etí odò. Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà ni omi máa ń kún jù ní ibi ìpàdé odò méjèèjì. Omíyalé ọdún 2012 àti ti ọdún 2022 bo apá púpọ̀ nínú Lọ́kọ́ja. Ẹ dúró kí omi fà kí ẹ tó ṣe fàájì ní etíkun, ẹ má sì wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù adáàbòboni. Ẹ ṣọ́ra fún ìwẹ̀ nínú omi tó dúró tàbí tó ń ṣàn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè kó àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ìtọ̀.

Àmì tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré

Bí àyà bá ń fún ènìyàn bí ẹni pé nǹkan wúwo wà lórí rẹ̀, bí ìrora bá gba apá òsì tàbí àgbọ̀n, bí òógùn tútù bá bò ó, tàbí bí èémí bá ṣòro láìka ìsinmi sí, ọkàn ló lè máa ké. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, àrùn rọpárọsẹ̀ lè ti wọlé. Nínú méjèèjì, ẹ má ṣe parí ìgòkè, ẹ má sì dúró de ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni ọ̀nà.

Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan, tí ó ń sọ̀sọkúsọ tàbí tí ó dákú, ooru ti borí rẹ̀. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi tu ara rẹ̀ lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ kíákíá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan gun òkè, àti ìdí tó fi yẹ kí ẹni tó wà nílé mọ ibi tí ẹ lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà.

Fún ọ̀pọ̀ Yorùbá, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ òwàǹbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí a má ṣe ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ní kùtùkùtù, kí aṣọ ẹbí tó dé ọrùn, lè tó fún ìrìn tí ara ń béèrè. Tọkọtaya, ọ̀rẹ́ tàbí àwọn ará ibi iṣẹ́ lè sọ ọ́ di àṣà láàárín ara wọn, kí àwọn ọmọ sì bá wọn lọ. Ẹni ogójì ọdún tó bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lónìí ń fi agbára pamọ́ fún ọjọ́ tí yóò pé ọgọ́ta ọdún. Ìlera loògùn ọrọ̀.