Ẹ̀JẸ̀ ARÁ ÌBÀDÀN WÀ NÍ AMẸ́RÍKÀ!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe àhesọ o. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá kan n'Ìbàdàn wà nílé ìpamọ́ ní Camden, ní New Jersey. Wọn ò jí i gbé. Àwọn tó ni ín ló yọ̀ǹda rẹ̀.

Ní 2002 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, HapMap ni wọ́n pè é. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí oníkálùkù jogún sínú ẹ̀jẹ̀, kí oògùn lè dà bí aṣọ tí télọ̀ wọ̀n síni lára. Bàbá, ìyá àti ọmọ kan, ìdílé 30, èèyàn 90. Kí wọ́n tó gun ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó sọ ọ́. Wọn ò sì kọ orúkọ sí i. Àṣírí bò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí àrùn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wá kanlẹ̀kùn pé, "Màámá, ẹ lọ tọ́jú ara yín."

Ṣé àǹfààní wà níbẹ̀? Ó wà! Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi APOL1 kan, ohun àjogúnbá tó wọ́pọ̀ lára wa, ń gbèjà ara lọ́wọ́ àrùn oorun, àmọ́ ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ará Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ìwádìí 2024 lára èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló jogún un lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá sí ìsọ̀ yín, ẹ bi wọ́n: kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ibo lẹ ó gbé e sí? Ṣé a ó gbọ́ èsì? Bí ọkàn wa bá yí padà ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà sí yín létí ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ẹ wo àwọn Havasupai ní Arizona. Láti 1990 ni wọ́n ti fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ tó ń dà wọ́n láàmú. Àṣé wọ́n tún fi ń wádìí àrùn ọpọlọ, àti ibi tí baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá! Kí ló kan àrùn ọpọlọ nínú ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ? Wọ́n pẹjọ́ ní 2004. Ní 2010, yunifásítì tọ́rọ̀ kàn san $700,000 fún èèyàn 41, wọ́n sì kó ẹ̀jẹ̀ tó kù padà fún wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbẹ̀jẹ̀ yín rí fún irú ìwádìí báyìí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa.