Ta Ló Ń Bọ́ Ta Nínú Ẹbí Wa?

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀yin ọmọ wa, eku ńlá inú igbó ni òkété. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé bí òbí bá darúgbó, ọmọ ni yóò máa bọ́ ọ. Onímọ̀ kan wà tó wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa gan-an. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ìdí tí iye ènìyàn ìlú kan fi ń pọ̀ sí i tàbí tó fi ń dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Caldwell ni orúkọ rẹ̀, ará Ọsirélíà ni. Wọ́n bí i ní 1928, ó sì kú ní 2016.

Láti 1973, òun àti Pat ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Nàìjíríà bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Francis Okediji, ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá nílùú Ìbàdàn àti ní àgbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ ilé wọn: ọmọ mélòó lẹ bí? Kí ni wọ́n ń ṣe fún yín? Kí lẹ̀ ń ná lé wọn lórí?

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé àìmọ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa bímọ púpọ̀. Caldwell ní rárá o, ọgbọ́n ni. Ọmọ ń bá bàbá ṣiṣẹ́ oko, ó ń pọnmi, ó ń kiri ọjà. Bó bá dàgbà, á fowó ránṣẹ́ sílé, á rán àbúrò níléèwé, á sì sin òbí rẹ̀. Ọrọ̀ ń gòkè láti ọwọ́ ọmọ sọ́wọ́ òbí. Ta ló máa wá bí ọmọ díẹ̀? Ní 1976 ló tẹ àlàyé yìí jáde, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ayé.

Ó ní ọjọ́ tí ọrọ̀ bá yí padà, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ òbí sọ́wọ́ ọmọ, ọjọ́ náà ni iye ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ó sì tọ́ka sí iléèwé. Iléèwé a mú ọmọ kúrò lóko, a gba owó, a sì kọ́ bàbá àti ìyá láti máa ro ti ọmọ tiwọn ṣáájú ti gbogbo agboolé. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá a jiyàn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ṣòroó wọ̀n. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ bíi 3.9 ló kan obìnrin kan, nígbà tó jẹ́ 5.3 fún gbogbo Nàìjíríà.

Ó dáa, ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà ìkànìyàn 2011, àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lé ní 190,000. Ní 2021, wọ́n lé ní 270,000. Nínú ilé àwa wọ̀nyí, ọrọ̀ ń gòkè, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ìyá tó ti iṣẹ́ òru dé ní láti san rẹ́ńtì àti owó nọ́sìrì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti Màmá nílé sì ń dúró dè é. Màmá yẹn kan náà ló wá wẹ ọmọ nígbà tá a bímọ, tí kò gba kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ náà ò jókòó lásán: àwọn ló ń tọ́jú àbúrò, tí wọ́n sì ń kọ́ wa ní fóònù.

Ẹni tó wà láàárín ni wọ́n ń fà lápá ọ̀tún, tí wọ́n tún ń fà lápá òsì. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé a kì í sọ ọ́ síta. A ń fowó ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, ọmọ ń rò pé a háwọ́. Ọmọ dàgbà tán, a wá ń retí ohun tá ò sọ fún un rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà tí owó ń gbà han àwọn ọmọ. Ọmọ kì í ṣe àjọ tá a dá tá a fẹ́ kó. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ẹni tó gbé wa dé ìhín, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun náà ní ẹni tóun máa gbé?

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ kan rèé. Lọ́jọ́ Sunday yìí, ẹ bi wọ́n pé: “Mọ́mì, Dádì, ta ló san owó iléèwé yín?” Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, ó lè jẹ́ ìyá àgbà tó ń ta aṣọ. Ẹ wá fi fóònù pe ọ̀kan nínú wọn tó ṣì wà láàyè, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá.

A ò ní fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ o. Àṣẹ.