Ìtanràn Kan Náà, Ìyà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Iṣẹ́ akọ̀wé ti sọ mí di ẹni tí àwọn aládùúgbò ń gbé ọ̀ràn wọn wá bá. Ẹni tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, ẹni tí onílé fún ní ìwé pé kí ó kó jáde, gbogbo wọn ni ó mọ ọ̀nà ilé mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tí ó ń fi ọkọ̀ kékeré kó èrò tọ̀ mí wá, ó di ìwé pélébé kan mú lọ́wọ́. Ìwé ìtanràn ni. Wọ́n mú un lójú pópó nítorí pé ó sáré ju bí òfin ti wí lọ, wọ́n sì ní kí ó lọ san ₦3,000 sí báńkì.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.”

Mo bi í pé, “Ṣé o sáré, tàbí o kò sáré?”

Ó dorí kodò, ó ní, “Mo sáré, sà. N kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan wà níwájú mi tí wọ́n mú pẹ̀lú mi. Iye kan náà ni wọ́n kọ fún àwa méjèèjì. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ju ìwé náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní tèmi, bí mo bá san owó yìí, oúnjẹ ọ̀la àwọn ọmọ mi ni mo san yẹn. Tíṣà, ṣé ìyà kan náà ni wọ́n fi jẹ wá?”

N kò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà. Mo sọ fún un pé ẹni tí ó bá jẹ gbèsè òfin ní láti san án, nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn lè máa sọdá títì nígbà tí òun ń sáré. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò bá a lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ó sùn. Nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín lónìí, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí owó ìtanràn olówó àti ti tálákà jẹ́ iye kan náà, tàbí kí a máa wọn ìtanràn bí agbára olúkúlùkù ti mọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò. Láti ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nínú ìlànà àjọ náà, ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, a kì í sì í béèrè ohun tí ó wà nínú àpò ẹni tí ó ṣẹ̀. Ní ọdún 2024 ni a sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ di ₦70,000. Ẹni tí ó ń gba iye yẹn, bí ó bá san ₦3,000, ó ti san ju ìdá kan nínú ọgbọ̀n owó oṣù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ₦7,000,000 ń wọlé fún ní oṣù kan, bí òun náà bá san ₦3,000, kò tíì san ohun tí ó ń wọlé fún un ní ìdajì wákàtí kan, bí a bá tilẹ̀ ka wákàtí oorun rẹ̀ mọ́ ọn. Bí iye ti rí lórí ìwé, ọ̀kan ni. Bí ó ti rí nínú ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan rárá. Fún ẹni àkọ́kọ́, ìyà ni. Fún ẹni kejì, ó dàbí owó ibodè tí a ń san kí a lè kọjá.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ro ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ ṣáájú wa. Ní ilẹ̀ Fínláǹdì, ní ìhà àríwá Yúróòpù, ọdún 1921 ni wọ́n ti gbé òfin kan kalẹ̀ pé kí a máa fi ọjọ́ ka ìtanràn dípò owó. Ọjà ń wọ́n sí i nígbà náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, owó sì ń sọ agbára rẹ̀ nù. Iye tí a kọ sínú òfin ní ọdún kan ti di yẹpẹrẹ kí ọdún mìíràn tó dé. Ilẹ̀ Swídìnì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1931, ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1939.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Fínláǹdì nìyí. Ẹni tí ó bá fi díẹ̀ ré òfin eré kọjá, iye kan pàtó ni yóò san gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí eré rẹ̀ bá fi ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ré ààlà kọjá, a ó kọ́kọ́ wo bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti tóbi tó, a ó sì sọ iye ọjọ́ tí ó tọ́ sí i. Lórí iye ọjọ́ yìí, olówó àti tálákà dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo iye tí ọjọ́ kan tó lọ́wọ́ ẹni náà. A ó mú owó tí ó kù sí i lọ́wọ́ ní oṣù kan lẹ́yìn tí ó ti san owó orí, a ó yọ 255 yúrò kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè rí jẹun, a ó sì pín ìyókù sí ọ̀nà 60. Bí ó bá ní àwọn tí ó ń bọ́, a ó tún yọ yúrò 3 kúrò nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Òṣìṣẹ́ kan wà tí 2,055 yúrò ń kù sí lọ́wọ́ lóṣù, ó sì ní ọmọ méjì. Ọjọ́ kan tirẹ̀ yóò jẹ́ yúrò 24. Bí a bá dá ọjọ́ 12 fún un, yóò san 288. Oníṣòwò kan wà tí 60,255 yúrò ń kù sí lọ́wọ́, kò sì ní ẹni tí ó ń bọ́. Ọjọ́ kan tirẹ̀ yóò jẹ́ 1,000, ọjọ́ 12 kan náà yóò sì di 12,000. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n owó yàtọ̀.

Àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé òfin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2002, ìròyìn tàn kálẹ̀ nípa Anssi Vanjoki, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Nokia, ẹni tí ó gun alùpùpù ní eré 75 níbi tí òfin ti ní kí ó má ju 50 lọ, ní ìlú Helsinki. 116,000 yúrò ni wọ́n ní kí ó san. Nígbà tí ó fi hàn pé owó tí ń wọlé fún òun ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, wọ́n dín in kù títí kò fi tó ìdá kan nínú ogún iye àkọ́kọ́. Ẹ kíyèsí i pé òfin tí ó na ọlọ́rọ̀ náà ni ó tún gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan kò rí bí ó ti rí mọ́.

Bí a bá gbé ọ̀ràn yìí síta láàárín wa, mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní, pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òfin kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí wo àpò, a ti sọ òfin di olójúsàájú. Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, n kò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Bíbélì rẹ̀ yóò tilẹ̀ tọ́ka sí Ẹ́kísódù orí 30, níbi tí a ti ní kí olúkúlùkù ọkùnrin tí a kà san ìdajì ṣékélì, tí a sì kọ̀ fún olówó láti fi kún un, tí a kọ̀ fún tálákà láti dín in kù.

Ṣùgbọ́n kí ẹni náà tún ṣí Léfítíkù orí 5. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ti ń mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì wá. Bí èyí náà bá sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó mú ìyẹ̀fun díẹ̀ wá. Kí ni ó mú kí ìwé méjèèjì yàtọ̀? Ní ti èkínní, orí ni a ń kà, orí olówó kò sì ju orí tálákà lọ. Ní ti èkejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń ṣe ètùtù fún, ó sì yẹ kí ó dun olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ìtanràn ojú pópó kì í ṣe owó orí. Ti ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní tèmi, ọ̀nà kejì ni ó bá a mu. Pàṣán kan náà ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyálé bá wọ aṣọ òtútù mẹ́ta, tí ìyàwó sì wà ní ìhòòhò, ẹgba mẹ́fà kì í ṣe ẹgba mẹ́fà fún àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀, kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ètò náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, wọ́n sì pa á tì ní ọdún 1993. Ẹni tí kò bá kọ iye owó tí ń wọlé fún un sínú fọ́ọ̀mù ni a ń ka sí ọlọ́rọ̀, títí tí a fi ní kí ọkùnrin kan san £1,200 nítorí pé ó ju ọ̀rá ìpápánu sílẹ̀. Ìgboro kún fún ìkùnsínú. Lónìí, àwọn ọmọ wa tí ń wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé bí ọ̀ràn eré sísá bá dé ilé-ẹjọ́, adájọ́ a máa wo owó ọ̀sẹ̀ ẹni, ṣùgbọ́n òfin ti fi ààlà sí i: £1,000, tàbí £2,500 ní òpópónà ńlá. Ọlọ́rọ̀ gidi a máa fo ààlà yẹn láìlàágùn.

Ìtanràn ńlá pàápàá kì í fi ìgbà gbogbo yí ọkàn padà. Anders Wiklöf, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò ní erékùṣù Åland ní Fínláǹdì, san 95,000 yúrò ní ọdún 2013. Ó san 63,680 ní ọdún 2018. Ní ọdún 2023, wọ́n tún mú un ní eré 82 níbi tí ó yẹ kí ó sá 50, ó sì di 121,000.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ìṣòro mẹ́ta ni mo rí. Èkínní, ní Fínláǹdì, ìwé ìjọba mọ iye tí ń wọlé fún olúkúlùkù. Ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni owó wọn kò sí nínú ìwé kankan, àti olówó tí ó fi pamọ́, àti ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́. Èkejì, bí ìtanràn bá ti ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò àbẹ̀tẹ́lẹ̀ yóò máa tóbi sí i. Ẹni tí yóò san ₦500,000 sí báńkì lè rò pé ó dára kí òun fi ₦50,000 dí ẹnu ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù. Ní Fínláǹdì, ọlọ́rọ̀ a máa wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni olówó ń jókòó sí. Òun ni yóò wo aago, òun ni yóò ní, “Sáré, mo ti pẹ́.” Awakọ̀ tí ó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tẹ iná mọ́ ọn. Bí a bá wá mú wọn, tí a sì wọn ìtanràn lórí owó ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú, tálákà ni a ó tún nà nítorí ìkánjú olówó. Òfin tí a bá kó wá láti òkè òkun láìrán an mọ́ ìdí tiwa, aṣọ àyálò ni: bí kò fún ni lọ́rùn, a ṣo ni.

Èrò tèmi, nígbà náà, nìyí. Ẹ̀tọ́ ni pé kí ìtanràn dun olówó bí ó ti ń dun tálákà, iye kan náà fún gbogbo ènìyàn kò sì lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n kí a tó lè wọn ìtanràn bí àpò ti mọ, ìwé owó orí wa gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́, ọwọ́ àwọn tí ń gba ìtanràn gbọ́dọ̀ mọ́, òfin náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pàṣẹ eré, kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ àṣẹ nìkan. Bí a bá sì ti ń ṣe èyí, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan nínú ti Fínláǹdì kíákíá: kí a yọ oúnjẹ àwọn ọmọ sílẹ̀ kí a tó ka owó ìyà baba wọn.

Ní ti ilé wa gbogbo, kò sí ìdí tí a fi ní láti dúró de ìjọba. Ẹ̀yin baba àti ìyá tí ẹ ní awakọ̀, bí ẹ bá pẹ́ jí, ẹ pẹ́ dé. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mí ẹlòmíràn bo àṣìṣe oorun yín. Bí a bá sì kọ ìtanràn fún awakọ̀ yín nítorí eré tí ẹ̀yin pàṣẹ, ẹ má ṣe yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀.

Awakọ̀ tí ó wá sọ́dọ̀ mi ti san ₦3,000 rẹ̀. Nígbà tí mo tún rí i, mo bi í bí ó ti rí i san. Ó ní ọjọ́ méjì ni ìyàwó òun fi se ẹ̀bà láìsí ẹja. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n n kò sáré mọ́, Tíṣà.” N kò mọ̀ bóyá ọ̀gá tí ó rẹ́rìn-ín lè sọ irú rẹ̀.