Báńkì Ọpọlọ àti Wákàtí Tí Ẹ̀jẹ̀ Dáwọ́ Dúró

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì tún padà ṣàn, ẹni tó dákú lè jí, kó jẹun, kó bèèrè ọmọ rẹ̀. Ará ilé á kí i kú ewu. Inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ní 1982, Takaaki Kirino, ará Japan, ròyìn ohun tó rí nígbà tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn eku aṣálẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 péré, tó sì tú u. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn sẹ́ẹ̀lì apá tó ń bójú tó ìrántí kò tíì yí padà lójú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, èyí tó pọ̀ jù ti kú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Àwọn jíìnì ni. Àwọn kan, bíi c-fos, a máa jí láàárín ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, hsp70 á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ purotéènì tó ń dáàbò bo àwọn purotéènì yòókù kí wọ́n má baà bàjẹ́. Àwọn mìíràn á pe ọmọ ogun ara jọ, ọpọlọ á wú. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àṣẹ tiwọn ni kí sẹ́ẹ̀lì pa ara rẹ̀.

Ti eku nìyẹn. A kì í la orí alààyè láti wo jíìnì, ìdí nìyí tí báńkì ọpọlọ, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọpọlọ òkú sí fún ìwádìí, fi wà. Ti Harvard bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ti Netherlands ní 1985. Ní Ìbàdàn, Rufus Akínyẹmí àti Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Kò sì yẹ ká fi ti Òyìnbó nìkan ṣe òdiwọ̀n: ìwádìí Indianapolis àti Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, fi hàn pé irú jíìnì APOE tó ń fa ewu àrùn ìgbàgbé Alzheimer fún àwọn ẹlòmíràn kò lágbára bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò.

Bí ọpọlọ bá dé báńkì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á rẹ apá kan sínú fọ́málínì, wọ́n á fi apá kejì sínú firísà tó tutù tó ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Ibi tó ti ta kókó ni pé ikú fúnra rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹni tó fi ọjọ́ púpọ̀ jà fún èémí, iṣẹ́ jíìnì rẹ̀ ò lè rí bíi ti ẹni tó kú lójijì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ iye wákàtí tó wà láàárín ikú àti firísà sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wo bóyá RNA, èyí tó ń gbé àṣẹ jíìnì, ṣì pé. Ní tèmi, ọpọlọ mẹ́wàá tí ìtàn wọn pé sàn ju ọgọ́rùn-ún tí kò ní àkọsílẹ̀ lọ.

Wọ́n tún nílò ọpọlọ ẹni tí kò ní àrùn ọpọlọ rárá, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n á fi wé e. Èyí ló ṣòro jù. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí omijé ò tíì gbẹ? Àwọn kan ní òkú gbọ́dọ̀ lọ ní pípé. Mùsùlùmí ń kánjú àtisin òkú rẹ̀, báńkì náà sì ń kánjú. Ó sàn kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu onítọ̀hún nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì là á yé wọn pé ẹ̀yìn orí ni wọ́n ti ń là á, pé ojú òkú kò ní yí padà bí wọ́n bá tẹ́ ẹ.