Ṣé O Mọ̀? Ìwé àti Ère Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ sọnù lẹ́ẹ̀mejì kó tó di títẹ̀? Ọ̀yọ́ ni àlùfáà náà ti parí rẹ̀ lọ́dún 1897. Ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, ó sì sọnù sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Johnson kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, tó tún un kọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, ó kó o sínú ọkọ̀ òkun Appam. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú agbami, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Nígbà tó máa fi jáde lọ́dún 1921, Obadiah pàápàá ti kú. Ọmọ ìyá méjì ló ṣe làálàá yìí, kò sì sí èyí tó fojú kan ìwé náà nínú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọ́n Ifá kan ti wà ní Jámánì láti ṣáájú ọdún 1659? Àládà, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni wọ́n ti gbé e. Ó bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, nílùú Ulm, ibẹ̀ ló sì wà dòní.

Ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n ń fi àga gbé kiri mọ́ ọn lára. Wọ́n kó o lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley lọ́dún 1924, àwọn British Museum rí i, ọkàn wọn fà sí i. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò gbà láti ta á lówó. Ìtẹ́ tí wọ́n kàn nílùú òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì tún gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn sáàfin. Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ yẹn kò dọ́gba rárá.

Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà ní Ẹ̀sìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Torí wọn ni wọ́n ṣe dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1945.

Ṣé o sì mọ̀ pé ìtàn àròsọ gígùn ti wà lédè Yorùbá ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà ti ọdún 1938? Lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tó ń ròyìn bó ṣe jayé nígbà èwe rẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Olóòtú fúnra rẹ̀, Isaac Thomas, ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Ó di ìwé lọ́dún 1930, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé rẹ̀, títí onímọ̀ Karin Barber fi tún un gbé jáde lọ́dún 2012. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa kà á nílé ẹ̀kọ́.

Bí ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá rẹ àgbà, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́, má sì dáná sun ún. Gbé e lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ ọ jù.